Bíà Inú Àmù

Mo júbà ọkùnrin tó mọ bó ṣe yẹ kí bíà òun tutù tó. Ayé kún fún èèyàn tó ń mu ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀, bí àgùntàn tó dé etí odò. Ṣùgbọ́n akọni kan ń bẹ, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé ìgò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣí i títí yóò fi gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e, bí ìyá tó ń wò ó bóyá ara ọmọ òun gbóná. Yóò dijú. Yóò mirí. Yóò ní kí wọ́n dá a padà, nítorí òtútù náà kò tíì wọ inú, ara ìgò lásán ló wà. Bí ìlú bá fẹ́ fi ọba jẹ, odidi àwọn afọbajẹ ló ń jókòó lé e lórí. Ọkùnrin yìí, òun nìkan ni afọbajẹ bíà ní gbogbo àdúgbò, kò sì sí ẹni tó lè pè é lẹ́jọ́.

Irú akọni bẹ́ẹ̀ kò wọ́n wa ní Àrámọkọ. Ìlú àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ni tiwa, tíṣà, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé ìjọba. Wọ́n ti fi ìgbà èwe wọn sìn ní ìlú onílùú, wọ́n sì ti padà wálé wá jókòó. Owó ìfẹ̀yìntì wọn máa ń pẹ́ kó tó dé. Èrò wọn lórí nǹkan kì í pẹ́. Nítorí náà, ẹ ò lè jókòó ti tábìlì kan kí ẹ má bá ìjọ oríṣiríṣi níbẹ̀. Ìjọ kan gbà pé bíà tí kò bá ní yìnyín wẹ́wẹ́ lọ́rùn kò yàtọ̀ sí omi ìfọbọ́. Òmíràn ní kó ṣáà ti fojú kan fíríìjì, ó tó. Àwọn tó ń mu bíà dúdú kì í fẹ́ kó tutù rárá, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ló ń fún ni, òtútù a sì máa pa agbára rẹ̀. Àwọn kan sì wà tí wọ́n máa ń ra tútù kan àti gbígbóná kan, tí wọ́n á máa dà wọ́n pọ̀ sínú ife díẹ̀díẹ̀ bí apoògùn. Olórí ìjọ adàápọ̀ yìí ni ọkùnrin kan tó ti jẹ́ akọ̀wé àgbà ní ìjọba ìbílẹ̀ rí, tí a ṣì ń pè ní Akọ̀wé títí di òní. Bí ẹ bá bá a tó ń dà á, ẹ má kí i. Ó ń wọn nǹkan.

Ṣùgbọ́n baba gbogbo wọn ni Ọ̀gá. Òun ni ọ̀gá àgbà ilé-ìwé girama tí mo lọ nígbà èwe mi, gbogbo ìlú ló sì ń pè é ní Ọ̀gá, títí kan àwọn tí kò kọ́ ní ohunkóhun. Nínú ìjọ oníyìnyín, bíṣọ́ọ̀bù ni. Mo ti rí i tó wo ìgò tí ẹnikẹ́ni mìíràn máa fi ayọ̀ mu, tó tì í sẹ́yìn pẹ̀lú ìka kan, tó ní kí wọ́n lọ tún un ṣe, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ti àròkọ wa padà sí wa lórí tábìlì.

Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń pàdé jẹ́ ti opó kan. Ọkọ rẹ̀ ti ṣe tíṣà lábẹ́ Ọ̀gá, Ọ̀gá ló sì ṣe alága ìgbéyàwó wọn, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Ìyàwó bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun rẹ̀ ti ń funfun. Ọmọ Ìjerò ni. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ránṣẹ́ láti Ìjerò pé kó máa bọ̀ nílé. Ó ní òun ò lọ, àwọn ọmọ òun ti mọ Àrámọkọ ní ilé, òun náà sì ti mọ̀ ọ́n ní ilé. Ó fi iwájú ilé ṣe ṣọ́ọ̀bù, ó ra fíríìsà ńlá kan, fíríìsà yẹn ló sì mú un dúró.

Lẹ́yìn náà ni tiransifọ́mà àdúgbò wa bú gbàù. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ṣe ìpàdé lórí rẹ̀. Ìpàdé bí ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ bí ìgbìmọ̀ kékeré, kò sí èyí tó bí iná nínú wọn. Epo bẹntiróò wọ́n kọjá ohun tí ẹni tó ń ta bíà lè máa dà sínú jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́. Fíríìsà Ìyàwó di àpótí tó ń kó aṣọ tábìlì sí.

Kó tó pẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti Èkó dé ṣí ilé ọtí tuntun sí òdìkejì ọ̀nà, ó sì gbé sólà sórí òrùlé. Bí ó bá yọ ìgò jáde nínú fíríìjì rẹ̀, ìgò náà á máa rú bí ẹnu èèyàn láàárọ̀ ọyẹ́. Ó kọ ọ́ sára ògiri pé bíà òun tutù bí mọ́ṣúárì. Àwọn bàbá tí ọjọ́ orí wọn kò yẹ kó jẹ́ kí wọ́n máa bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré fi tayọ̀tayọ̀ sọdá lọ síbẹ̀. Akọ̀wé ló pẹ́ jù kó tó lọ, kì í ṣe nítorí ìfẹ́. Ó kàn ń retí pé Ìyàwó á rí tútù díẹ̀ tí òun máa dà pọ̀ mọ́ gbígbóná. Nígbà tí kò rí i, òun náà sọdá.

Adó ni mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, ọjọ́ Jímọ̀ ni mo sì máa ń wálé. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, èmi nìkan ni mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Ìyàwó. Ó ń nu tábìlì tí ẹnikẹ́ni kò jókòó tì. Ó sọ fún mi, láìgbé ojú sókè, pé bí Kérésìmesì bá bá òun báyìí, òun á palẹ̀ mọ́ lọ sí Ìjerò. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo sọdá, mo lọ sọ fún Ọ̀gá. Ó jókòó sí abẹ́ sólà pẹ̀lú ìgò tó ti hu irun funfun. Ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ, mo tún un sọ. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó mu ìgò rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n kò dá ìgò kankan padà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó dìde, ó lọ sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń fi ọkọ̀ mi ti ọ̀nà Ìdó-Ilé bọ̀ nígbà tí mo rí ọ̀kadà kan níwájú mi tó ń rìn bí ẹni ń sin òkú. Ọ̀gá ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wọ kóòtù, ó sì gbé àmù ńlá kan sórí itan, ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra. Àmù ìyá rẹ̀ ni. Ó ti wà ní igun ilé wọn ní Ìdó-Ilé láti ìgbà tí àwọn ará ilé ti ń mu omi inú ọ̀rá, adìẹ sì ti ń yé sínú rẹ̀. Mo dá ọkọ̀ dúró, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n gbé àmù náà sẹ́yìn ọkọ̀.

Ó wo ọkọ̀ mi láti òkè dé ilẹ̀. "Ọkọ̀ tó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yìí? Á fọ́ ọ mọ́ mi lọ́wọ́. Máa tẹ̀ lé wa lẹ́yìn, kí o máa bá wa lé àwọn onítírélà."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tẹ̀ lé ọ̀gá mi wọ Àrámọkọ, tí mo tan iná ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan. Ọlọ́kadà náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun bi bàbá léèrè bóyá ẹnì kan nínú ilé wọn ló ń gbéyàwó. Bàbá ní rárá, yunifásítì ni àwọn fẹ́ dá sílẹ̀.

Ó gbé àmù náà sí igun tó tutù jù ní ṣọ́ọ̀bù Ìyàwó, lórí iyanrìn tútù, ó ní kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n rọ omi kún un, kí ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í láàgùn bíi ti àtijọ́. Ó to ìgò bíà sínú omi náà. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ti fẹ̀yìn tì pé òun ní nǹkan pàtàkì láti bá wọn sọ. Gbogbo wọn wá. Kò sí nǹkan tí ẹni tó fẹ̀yìn tì lè fi ọ̀rọ̀ pàtàkì sílẹ̀ lọ ṣe.

Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ látẹnu àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, kò tíì sí èyí tó dà bí èyí tí mo gbọ́ nílé ọtí lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá dìde dúró. Ó ní òun ti ṣe àṣìṣe, òun sì ti fi àṣìṣe náà ṣi àwọn ẹlòmíràn lọ́nà. Òtútù tó pọ̀ jù a máa pa ahọ́n; ẹni tó bá fi yìnyín sẹ́nu kó tó jẹ ọbẹ̀, kó wá sọ fún òun ohun tó wà nínú ọbẹ̀ náà. Ó ní àwọn òyìnbó tó ń pọn ọtí yìí fúnra wọn, inú ilẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, wọn kì í jẹ́ kó rí yìnyín. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ yìnyín, kó ra yìnyín, kó fi bíà sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ló tọ́, orúkọ ìwọ̀n náà sì ni òtútù àárọ̀ Ẹ̀fọ̀n, ìlú orí òkè tó wà nítòsí wa: kò dì, kò gbóná, ó kàn ń jẹ́ kéèyàn fẹ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn. Ìwọ̀n yìí, àmù nìkan ló lè fún ni.

Ó fa ìgò kan yọ, ó nù ún, ó dà á sínú ife, ó gbé e mu. Ìtòsí rẹ̀ ni mo wà. Mo rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tó kọ́kọ́ kọ̀, tó wá gbà. Omi lé sí i lójú díẹ̀. Ó gbé ife náà sílẹ̀, ó sì wo gbogbo wa bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa.

Ọmọ Èkìtì lẹ ń wò yìí. Bí ẹ bá sọ fún wa pé nǹkan dùn, a máa ní kí ẹ jẹ́ ká rò ó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ fún wa pé àwọn tó kàwé nìkan ló mọ adùn rẹ̀, a ti bu sẹ́nu. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó fi yí ẹnu ká, ó rọra mi orí.

"Ọ̀gá, kí lẹ rò pé mo ti ń dà pọ̀ láti ọjọ́ yìí?" ó ní. "Ibi tí mo ń wá gan-an nìyí."

Lẹ́yìn èyí, kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ pé tirẹ̀ ni ahọ́n tí kò lọ síléèwé. Wọ́n ń mu ún, wọ́n ń mirí. Ẹnì kan ní òun ń gbọ́ òórùn ọkà bàbà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ní ó rán òun létí ìgbà tí òun wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, kò sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Alhájì tó ń ta páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà ni kò gbà. Alhájì kì í mu ọtí. Móòtì ló máa ń mu, ó sì máa ń wá jókòó tì wá nítorí ọ̀rọ̀. Wọ́n fa móòtì kan yọ fún un nínú àmù. Ó mu ẹnu kan, ó gbé ìgò náà sókè sójú ìmọ́lẹ̀.

"Ọ̀gá," ó ní, "ó gbóná."

"Kò gbóná, Alhájì. Ahọ́n yín ni kò tíì kàwé dé ibẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ púrúǹtù lọ, Ọ̀gá. Èmi àti òun ti jọ ń gbé tipẹ́."

Ó sọdá ọ̀nà, ó lọ ra móòtì tútù lọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin onísólà, ó sì gbé e padà wá mu láàárín wa. Gbogbo ojú ló ń bá ìrì tó ń ṣàn lára ìgò náà lọ sísàlẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi kúrò ní Àrámọkọ. Tíṣà sọ fún tíṣà. Àwọn ará Ẹ̀fọ̀n gbọ́ pé òtútù ìlú àwọn ti di ìwọ̀n, wọ́n wọ takisí wá wò ó, wọ́n jókòó bí onílé. Àwọn kan wá láti Odò-Ọwá láti wá jiyàn pé òtútù tiwọn ló yẹ kí wọ́n fi sọ ọ́, wọ́n sì mu púpọ̀ kí iyàn náà tó parí. Ọ̀gá tún rí àmù kejì rà. Bí wọ́n bá dárúkọ ilé ọtí onísólà, àwọn bàbá kan náà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sùn síbẹ̀ á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní ọmọdé kúkú gbọ́dọ̀ rí ibi kan lọ.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi irú nǹkan báyìí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sì ṣe é, mo rẹ́rìn-ín títí ní yàrá mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó, ẹ̀rín náà ń yí padà lẹ́nu mi. Ọ̀gá kò lówó tó lè ra sólà fún ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo tó ní ni pé gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí ẹni tí nǹkan kì í tẹ́ lọ́rùn. Ká ní ẹni tó ń mu ohunkóhun ló yin bíà inú àmù, ta ni ì bá gbọ́? Gbogbo ìgò tó ti dá padà láti ọdún pípẹ́ wá, gbogbo bó ṣe ń dijú tó ń mirí, ló kó jọ tó ná tán lọ́jọ́ kan náà nítorí opó tíṣà rẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó fi ìgbéraga rẹ̀ ṣe àánú bẹ́ẹ̀ rí.

Ó sì ń jìyà rẹ̀. Ìyàwó mọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn yòókù kò tíì dé, mo ń ka ìwé ìròyìn ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí Ìyàwó gbé ìgò fún Ọ̀gá, tó sì dúró tì í.

"Ọ̀gá wa, ẹ má mu ún mọ́," ó ní. "Mo ń wo ojú yín. Bí egbòogi ló ń rí lẹ́nu yín."

Ọ̀gá ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Ọkọ mi ni. Ó ní bí nǹkan bá ti ń dùn yín, ẹ kì í lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin sì ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn yìí."

Mo gbọ́ tí Ọ̀gá da bíà náà sínú ife.

"Ìyàwó wa, ohun tí mo bá ti sọ níwájú gbogbo ilé-ìwé, mi ò kì í wọ kíláàsì lọ pa á dà. Lọ gbé òmíràn sínú omi, àwọn ará Ẹ̀fọ̀n ti ń bọ̀."

Kérésìmesì dé, Ìyàwó kò lọ síbì kankan. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló wá bá a ṣọdún ní Àrámọkọ. Nígbà tí ọyẹ́ lọ tí ooru dé, ẹnì kan tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ kankan tún tiransifọ́mà ṣe. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí mo dé, fíríìsà Ìyàwó ti ń kùn bí àgbà tó jí lójú oorun. Ó ti kó ìgò kún un láti àárọ̀, ó ní òun fẹ́ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Ṣọ́ọ̀bù kún. Àwọn ará Ẹ̀fọ̀n jókòó sí tábìlì tiwọn pẹ̀lú ìgò inú àmù lọ́wọ́. Ìyàwó ṣí fíríìsà, ó yọ ìgò tútù kan, ó dúró níwájú Ọ̀gá, ó bi í bóyá èyí ni tàbí ti àmù. Bí Ọ̀gá bá gba tútù, àwọn àlejò á mọ̀ pé àìsí iná ni gbogbo ìmọ̀ náà, àánú ni wọ́n sì ti ń mu. Àánú kì í mú oníbàárà wọ takisí lẹ́ẹ̀mejì. Onísólà sì wà ní òdìkejì ọ̀nà.

Ooru ọjọ́ náà lè bọ ẹyin. Ọ̀gá wo ìgò tútù náà bí ẹni tó rí ìbátan rẹ̀ lójú fèrèsé ọkọ̀ tó ń kọjá lọ.

"Ti àmù ni," ó ní. "Kí ni mo fẹ́ fi yìnyín ṣe?"

Akọ̀wé ní ti àmù ni tòun náà. Àwọn ará Ẹ̀fọ̀n padà sórí ọ̀rọ̀ wọn. Ìyàwó dá ìgò náà padà sínú fíríìsà, ó rọra pa ìdérí rẹ̀ dé, ó sì yíjú sí mi.

Mo ti wa ọkọ̀ láti Adó nínú oòrùn yẹn. Ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ bí ìwé. Mo ní kó gbé ti àmù wá fún mi. Tíṣà ọ̀dọ́ kan láti Ẹ̀fọ̀n, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá síbẹ̀, rọra bi mí pé kí ló dé tí mi ò gba tútù nígbà tó wà nílẹ̀. Mo ṣàlàyé ahọ́n fún un. Mo ṣàlàyé inú ilẹ̀ àwọn òyìnbó. Mo tún fi tèmi kún un, mo ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ mi ní yunifásítì kò fẹnu kan bíà tútù rí, irọ́ pátápátá sì ni. Ó gbà mí gbọ́, ó ní kí Ìyàwó fún òun ní irú tèmi.

Bíà náà gbóná. Mo mu ún tán, mo sì ní kí wọ́n gbé òmíràn wá.